Pelourinho, Santo Antônio, Rio Vermelho tàbí Barra: níbo ni kí ọmọ Yorùbá dé sí ní Salvador?

Ọ̀pọ̀ wa tó ń lọ sí Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl, orúkọ adúgbò kan ṣoṣo là ń mú lọ látilé: Pelourinho. Ibẹ̀ ni àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀ wà, ibẹ̀ ni ìlù wà, ibẹ̀ sì ni gbogbo àwòrán tí a ti rí lórí fóònù ti wá. A ó sáré gba yàrá síbẹ̀. Ó di ìgbà tí a bá dúró sórí òkúta gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú àpótí ẹrù lọ́wọ́ kí a tó bi ara wa bóyá ibẹ̀ ló yẹ ká sùn.

Mo ti sùn ní adúgbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo fẹ́ fi wéra yìí. Ohun tí mo rí ni pé ibi tí wọ́n ti ń lùlù kọ́ ló yẹ kí gbogbo ènìyàn gbórí lé irọ̀rí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ Yorùbá lọ sá pamọ́ sí etíkun kó má mọ ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ní ìlú náà.

Ènìyàn wa ni wọ́n lóòótọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká, ọkọ̀ ẹrú kó ọmọ Ọ̀yọ́, Kétu, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀ṣà gúnlẹ̀ sí Bahia. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí àárín wọn, tí wọ́n ń pè ní Malê (ìmàle wa náà ni), gbé ohun ìjà dìde sí àwọn tó kó wọn lẹ́rú nínú ìgboro Salvador. Apá ìjọba ká wọn. Wọ́n pa nínú wọn, wọ́n na nínú wọn, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ kúrò ní ìlú. Àwọn tí wọ́n lé àti àwọn tó fi owó ara wọn wọkọ̀ padà wà lára àwọn tó sọ Pópó Àgùdà l'Ékòó di ibùgbé. Òpópónà tí àwọn wọ̀nyẹn fi ẹ̀jẹ̀ wọn rìn ni ẹ̀yin náà máa rìn tí ẹ bá jáde lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì yín. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè fi owó nìkan wọn ọ̀rọ̀ ibi tí a ó sùn.

Ohun tí mo fi ń wọn adúgbò

Oorun ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ẹni tí kò bá sùn lóru kò ní lè gbádùn ohunkóhun lọ́sàn-án, bó ti wù kí ìlú dùn tó.

Ẹsẹ̀ ló tẹ̀lé e. Orí òkè ni apá àtijọ́ Salvador wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìlú Òkè. Ìlú Ìsàlẹ̀ wà létí omi. Òkúta róbótó róbótó ni wọ́n tẹ́ sí ojú títì Ìlú Òkè, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹni tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, ẹni tó fẹ́ràn bàtà gogoro, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹta ni bí ẹ ṣe máa padà sílé lálẹ́. Salvador kì í ṣe ìlú tí à ń rìn gbẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru nínú kọ̀rọ̀ tí a kò mọ̀. Bí ibi tí ẹ ti ń jẹun alẹ́ bá jìnnà sí ibi tí ẹ ń sùn, owó takisí ọjọ́ méje lè ju ohun tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ lára owó yàrá.

Owó yàrá fúnra rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀ bí àkókò bá ṣe rí. Láti oṣù kejìlá títí Carnaval, àjọ̀dún ijó àti orin ìgboro wọn, yóò fi parí ni gbogbo ìlú ń gbówó lórí. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, òjò ń rọ̀ gan-an, owó á wálẹ̀, òkúta títì á sì máa yọ̀. Mi ò ní kọ iye real (owó Bràsíl) kan pàtó síbí, torí èyí tí mo bá kọ lónìí lè má wúlò lóṣù tó ń bọ̀. Èyí tó wọ́n ju èkejì lọ ni màá sọ, torí ìyẹn kì í sáábà yí padà.

Èyí tó gbẹ̀yìn, tí mo sì kà sí jù, ni ohun tí ẹ tìtorí ẹ̀ lọ. Ṣé orin ni? Ṣé ilé òrìṣà ni? Ṣé omi òkun ni? Ṣé ẹ kàn fẹ́ mọ bí àwọn tó jẹ́ ẹbí wa ṣe ń gbé ni?

Pelourinho

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Pelourinho ni òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà ní gbangba. Wọ́n ti yọ òpó náà tipẹ́, orúkọ ló kù. Ọdún 1549 ni àwọn Potogí tẹ Salvador dó, òun sì ni olú ìlú gbogbo Bràsíl títí di 1763. Owó ṣúgà àti owó ẹrú ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé tó ń wu ojú rí lónìí. Lọ́dún 1985, àjọ UNESCO fi apá àtijọ́ náà sínú àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ohun kan wà tí ìwé àwọn arìnrìn-àjò kì í sọ dáadáa. Nígbà tí Pelourinho ti di ahẹrẹpẹ, àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò lówó lọ́wọ́ ló ń gbé inú àwọn ilé náà. Ní àwọn ọdún 1990, ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, wọ́n fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní owó díẹ̀, wọ́n sì kó wọn kúrò. Ilé tí wọ́n kó wọn kúrò nínú rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, òtẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ bá wá rí i pé adúgbò náà ń pariwo lọ́sàn-án ṣùgbọ́n tí ẹ ò rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn tàbí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pè wọlé, ohun tó fà á nìyẹn. Ó dùn mí nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó débẹ̀.

Síbẹ̀, kò sí adúgbò kankan ní Salvador tí ohun ìní wa pọ̀ tó báyìí láàárín ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù kan wà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, Nossa Senhora do Rosário dos Pretos. Ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti òmìnira, ló kọ́ ọ láti ọdún 1704. Ó gbà wọ́n tó ọgọ́rùn-ún ọdún, torí lẹ́yìn iṣẹ́ olówó wọn ni wọ́n tó lè ṣe ti ara wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìlù àti agogo ni wọ́n fi ń gbé ìsìn ibẹ̀ ró. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá, ọdún Santa Bárbara, ẹ ó rí gbogbo gbàgede náà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú funfun, nítorí Ọya ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kí lábẹ́ orúkọ yẹn. Èmi tó jẹ́ pé ilé ìjọsìn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi nígbà tí agogo yẹn dún.

Ẹ lọ sí Casa do Benin, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1988, tí àwọn nǹkan tí Pierre Verger, ayàwòrán ọmọ Faransé, kó jọ láti ilẹ̀ wa àti ti Benin wà nínú rẹ̀. Ní gbàgede Terreiro de Jesus, nínú ilé tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn nígbà kan, ni Museu Afro-Brasileiro wà. Pákó mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí oníṣẹ́ ọnà Carybé gbẹ́ wà níbẹ̀, òrìṣà ló gbẹ́ sára wọn, pẹ̀lú irinṣẹ́ àti ẹran ọ̀sìn wọn. Ẹ dúró níwájú Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ẹ ó dá ọfà rẹ̀ mọ̀ kí ẹ tó ka orúkọ. Ẹ wádìí wákàtí tí wọ́n ń ṣí kí ẹ tó lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco, èyí tí wọ́n fi wúrà bo inú rẹ̀, àjà rẹ̀ já lulẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2025, ó sì pa ẹnì kan. Tó bá jẹ́ tìtorí rẹ̀ lẹ fi ń gba yàrá nítòsí, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣí i ná.

Ti orin ńkọ́? Pelourinho ni Olodum, ẹgbẹ́ onílù tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1979, ti ń lùlù. Ibẹ̀ náà ni ibùjókòó Filhos de Gandhy, ẹgbẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté dá sílẹ̀ lọ́dún 1949. Aṣọ funfun àti gèlè funfun ni wọ́n ń lò, ìlù tí wọ́n sì ń lù, ijexá ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ gbọ́ orúkọ yín.

Ó yẹ kí n wá sọ ti oorun. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo sùn níbẹ̀, yàrá mi kọjú sí títì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni. Aago méjì òru ni ìlù dákẹ́, aago mẹ́ta ni àwọn tó mutí tó wábi gbà. Kì í ṣe pé mo ń ráhùn ìlù, ìlù ni mo wá gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, mi ò lè la ojú mi mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ gba yàrá ní Pelourinho, ẹ béèrè èyí tó wà lẹ́yìn ilé, ẹ sì béèrè bóyá ẹ̀rọ amúlétutù wà, torí ẹni tó ń fi fáànù nìkan sùn gbọ́dọ̀ ṣí fèrèsé, tó bá sì ti ṣí fèrèsé, ìlù ti wọlé.

Owó kò ni yín lára jù níbẹ̀: ilé ìgbàlejò tí wọ́n ti ń to bẹ́ẹ̀dì sí yàrá kan pọ̀, àwọn ló sì rọrùn jù nínú gbogbo ìlú. Òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá díẹ̀ wà pẹ̀lú. Mọ́tò kì í lè wọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òpópónà náà, nítorí náà ẹ bi onílé léèrè ibi tí takisí máa já yín sí, kí ẹ má baà máa wọ́ ẹrù lórí òkúta.

Àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àlejò ń dúró sí àwọn gbàgede ńlá lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́. Kọ̀rọ̀ tó já sí ìsàlẹ̀ òkè ni kí ẹ yàgò fún, pàápàá lálẹ́. Ẹnì kan á fẹ́ so rìbọ́ọ̀nù ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim mọ́ yín lọ́wọ́, á ní ọ̀fẹ́ ni. Ẹlòmíràn á fẹ́ fi ẹfun funfun kun yín lápá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán ni wọ́n á béèrè owó. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní "não, obrigado" (rárá, ẹ ṣé), tàbí "obrigada" tó bá jẹ́ obìnrin ni yín, ẹ máa lọ.

Santo Antônio Além do Carmo

Ẹ gba Pelourinho kọjá, ẹ gun òkè Ladeira do Carmo, ẹ máa lọ tààrà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ariwo á ti wà lẹ́yìn yín. Ilé aláwọ̀ mèremère náà ni, òkúta títì náà ni, ṣùgbọ́n níbí ẹ ó rí ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó gbọ́ rédíò láti inú ilé, ẹ ó rí ológbò lójú fèrèsé. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé níbẹ̀.

Pousada ni wọ́n ń pe ilé ìgbàlejò ibẹ̀: ilé ìdílé àtijọ́ tí wọ́n sọ di yàrá mẹ́fà, yàrá mẹ́wàá, tí onílé fúnra rẹ̀ sábà ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn ilé tó wà ní apá kan òpópónà náà já sí ojú òkè, Baía de Todos os Santos, apá òkun tó ya wọ inú ilẹ̀, sì tẹ́ rẹrẹ sísàlẹ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn máa wọ̀ sínú omi, kí ọkọ̀ máa kọjá. Omi yẹn náà ni wọ́n gbé àwọn bàbá ńlá wa gbà wọlé. Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò lè dìde.

Yàrá tó kọjú sí omi wọ́n ju ti Pelourinho lọ gan-an. Èyí tó kọjú sí òpópónà kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè dín ní ìlàjì nínú ilé kan náà, nítorí náà ẹ béèrè iye yàrá méjèèjì. Ilé àtijọ́ ni gbogbo wọn: àtẹ̀gùn pákó ló wà, lífìtì kò sí. Àgbàlagbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn, ẹ gba yàrá ìsàlẹ̀ fún un. Nígbà òjò, ilé wọ̀nyí máa ń ní ọ̀rinrin, aṣọ kì í tètè gbẹ.

Ilé ọtí wà lórí òpópónà Direita de Santo Antônio, wọ́n ń tẹ́ tábìlì síta ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n tètè ń pa á dé ju ti Pelourinho lọ. Ní ìparí òpópónà náà ni ibi odi àtijọ́ tí wọ́n sọ di ilé àwọn oníjàkadì capoeira, ìjà oníjó àwọn aláwọ̀ dúdú Bràsíl, wà. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹ gbọ́ berimbau, ohun èlò orin olókùn kan tí wọ́n fi ń ṣe é. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje, tí Bahia fi ń rántí bí wọ́n ṣe lé àwọn ọmọ ogun Potogí jáde lọ́dún 1823, àárín adúgbò yìí ni ìwọ́de ń gbà láti adúgbò Lapinha wá sí Pelourinho. Gbogbo fèrèsé ni wọ́n ń ta aṣọ sí. Ẹni tó bá ní yàrá tó kọjú sí òpópónà lọ́jọ́ yẹn ló gbádùn jù, kì í ṣe ẹni tó kọjú sí omi.

Curuzu, ní adúgbò Liberdade, kò jìnnà síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni Ilê Aiyê, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1974 fún àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà tí Carnaval kì í fẹ́ gbà wọ́n, ti ń gbéra ní alẹ́ Sátidé Carnaval. Ilé Ayé ni orúkọ wọn, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ.

Àléébù Santo Antônio kò ju méjì lọ. Ọ̀nà tó wà láàárín rẹ̀ àti Pelourinho máa ń dá lálẹ́, nítorí náà bó ti wù kó sún mọ́ tó, ẹ wọkọ̀ padà lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Èkejì, yàrá kò pọ̀. Tó bá jẹ́ oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní lẹ fẹ́ lọ, ẹni tó dúró di ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn kò ní rí nǹkan kan mọ́.

Rio Vermelho

Níbí, ọkọ̀ ló ń gbé yín lọ sí apá àtijọ́, ẹsẹ̀ kò gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn fojú fò ó, torí adúgbò tó ní ìtàn tirẹ̀ ni, ó sì jẹ́ ibi tí àwọn ará Salvador fúnra wọn ń lọ jayé lálẹ́.

Ọjọ́ 2 oṣù kejì ni ọjọ́ Yemoja. Àwọn apẹja Rio Vermelho ló bẹ̀rẹ̀ ọdún yìí láti àwọn ọdún 1920, wọ́n ń gbé òdòdó, lọ́fínńdà, dígí àti ọṣẹ lọ fún un lójú òkun. Láti òru mọ́jú ni ènìyàn ti ń tò, aṣọ funfun àti búlúù ni gbogbo wọn ń wọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Rio Vermelho gan-an ni kí ẹ sùn, torí wọ́n ń dí ọ̀nà, takisí kì í ráyè wọlé. Owó yàrá á ga fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin yẹn. Ẹ san án.

Ní ọjọ́ yòókù, ohun tó mú mi fẹ́ràn ibẹ̀ ni àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń pè é, àkàrà àti jẹ. Ní Largo de Santana àti Largo da Mariquita, àwọn ìyá aláṣọ funfun ń dín in nínú epo pupa, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi vatapá (ọbẹ̀ kíki kan) àti edé sí i. Lọ́dún 2005 ni ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn ìyá alákàrà yìí sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó gbóná, ata ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹ kọ́kọ́ gba díẹ̀, ata wọn kì í ṣe eré. Ilé tí òǹkọ̀wé Jorge Amado àti ìyàwó rẹ̀ Zélia Gattai gbé náà wà ní adúgbò yìí, ó ti di ibi tí a lè wọ̀ wò.

Àǹfààní mìíràn wà tí kò hàn sójú: Rio Vermelho sún mọ́ àwọn ilé òrìṣà ńlá. Casa Branca, Ilê Axé Iyá Nassô Oká, wà lójú ọ̀nà Vasco da Gama tó já sí Rio Vermelho. Òun ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ìjọba Bràsíl fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá, ní àwọn ọdún 1980. Gantois, ilé òrìṣà mìíràn, wà ní adúgbò Federação tó múlé tì í. Ilê Axé Opô Afonjá, tí ìyálórìṣà Mãe Aninha dá sílẹ̀ lọ́dún 1910, jìnnà díẹ̀ sí i. Àwọn ilé wọ̀nyí kì í ṣe ibi ìran. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọdún fún gbogbo ènìyàn. Ẹ béèrè ṣáájú, ẹ wọ aṣọ funfun tó bo ara, ẹ jókòó síbi tí wọ́n bá fi yín sí, ẹ má yọ fóònù ya àwòrán. Ẹni tó bá ní òun á mú yín lọ fún owó gọbọi láti títì Pelourinho, ẹ má tẹ̀ lé e.

Ti yàrá: òtẹ́ẹ̀lì ìgbàlódé pọ̀ níbẹ̀, lífìtì wà, owó rẹ̀ wà láàárín. Títì ibẹ̀ kò ga kò rì bíi ti òkè. Ariwo ilé ọtí wà ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ yàgò fún ilé tó kọjú sí gbàgede. Àpáta pọ̀ nínú òkun ibẹ̀, ẹni tó fẹ́ wẹ̀ kò ní gbádùn rẹ̀.

Barra

Ṣókí ni màá sọ ti Barra, torí ibi ìsinmi ni, kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ mọ́ ohun tí à ń bá bọ̀. Ẹnu ibi tí Baía de Todos os Santos ti pàdé òkun ni. Odi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé iná atọ́nà ọkọ̀ sí láti ọdún 1698. Omi Porto da Barra dákẹ́, ó dára fún ọmọdé, ojú rẹ̀ sì kọ sí ibi tí oòrùn ń wọ̀. Ọ̀nà etíkun tẹ́jú pẹrẹsẹ, ilé gíga tó ní lífìtì pọ̀, ilé ìtajà oògùn àti oúnjẹ wà nítòsí. Àgbàlagbà àti ìdílé tó kó ọmọ lọ́wọ́ máa rí ìrọ̀rùn níbẹ̀.

Nígbà Carnaval ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Barra ni ọ̀kan nínú ojú ọ̀nà mẹ́ta tí Carnaval ń gbà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn mọ́tò akọrin ńláńlá á máa ti ibẹ̀ lọ sí adúgbò Ondina. Yàrá á di ọ̀wọ́n gógó, onílé á sì fẹ́ kí ẹ san ti gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Pelourinho nígbà yẹn yàtọ̀: ẹsẹ̀ ni àwọn onílù fi ń rìn, àwọn ọmọdé ń wọ aṣọ àríyá, kò sí mọ́tò akọrin ńlá.

Wọ́n lè tún fi òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú hàn yín ní Comércio, Ìlú Ìsàlẹ̀, kí wọ́n ní lífìtì Lacerda tó ti wà láti 1873 máa gbé yín gòkè lọ sí ìlú àtijọ́ ní kíá. Òótọ́ ni, gíga mítà 72 ló ń gùn. Ṣùgbọ́n tí ọ́fíìsì bá ti ṣíwọ́, Comércio á dá páropáro. Mi ò ní sùn síbẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Bràsíl kó tó gbéra, nítorí náà ẹ gba yàrá tí ẹ lè fagi lé láìsan owó ìtanràn títí físà á fi jáde. Ihò iná wọn gba ẹnu róbótó, ẹnu onígun mẹ́rin tiwa kò bá a mu. Pápákọ̀ òfúrufú wà ní apá àríwá ìlú, ó jìnnà sí gbogbo adúgbò wọ̀nyí. Rélùwéè ìgboro ti ń lọ síbẹ̀ láti ọdún 2018, ó sì pọ́ọ́kú. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kéré tó ń lọ sí Pelourinho lè sọ̀ ní Campo da Pólvora tàbí Lapa kó wọ takisí dé ibi tó kù. Ẹni tó bá dé lóru, kó wọ takisí látibẹ̀ tààrà.

Ta ló yẹ kó lọ síbo?

Ọ̀dọ́ tí kò lówó púpọ̀, tó lè sùn níbikíbi, tó sì fẹ́ kí ìlù jí òun: Pelourinho, kó sì rí i pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun wà nínú ọjọ́ tó máa lò. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ nípa ìtàn tàbí ẹ̀sìn tí wọ́n sì máa lọ sí ilé òrìṣà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, Rio Vermelho máa dín ìrìn wọn kù. Bàbá àti ìyá àgbà, tàbí ìdílé tó ní ọmọ kékeré, ẹ mú wọn lọ sí Barra, kí ẹ wá máa fi ọjọ́ méjì mẹ́ta gòkè wá wo apá àtijọ́ ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú.

Fún tọkọtaya, fún ẹni tó dá rìn, fún ẹni tó ti pé ogójì ọdún bíi tèmi, Santo Antônio ni. Ẹ máa rìn lọ sí Pelourinho lọ́sàn-án, ẹ wọkọ̀ bọ̀ lálẹ́. Tí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́fà, ẹ lo méjì àkọ́kọ́ ní Pelourinho, kí ìsìn ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ní Rosário dos Pretos bọ́ sí àárín rẹ̀, kí ẹ wá kó ẹrù lọ sí Santo Antônio fún mẹ́rin tó kù. Tí yàrá tó kọjú sí omi bá ti tán, ẹ gba èyí tó kọjú sí òpópónà. Ọ̀pọ̀ pousada ló máa ń jẹ́ kí gbogbo àlejò jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó sanwó.